Ìtànṣán láti inú ọ̀nà èémí: ìtọ́jú tí wọ́n ṣe fún bàbá mi, àti ìdájọ́ mi lórí rẹ̀

Ìtọ́jú tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yìí, èmi fúnra mi kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí títí tí ọ̀rọ̀ fi kan bàbá mi. Àwọn Faransé ń pè é ní curiethérapie, àwọn dókítà tí wọ́n kàwé ní ilẹ̀ Nàìjíríà sì ń pè é ní brachytherapy. Ohun tí irú rẹ̀ tí wọ́n ń ṣe fún ọ̀nà èémí jẹ́ ní èdè wa ni pé wọ́n ń gbé orísun ìtànṣán kékeré kan gba imú aláìsàn wọ ọ̀nà èémí rẹ̀, títí tí yóò fi dé ẹ̀gbẹ́ kókó jẹjẹrẹ tí ó ń dí ibẹ̀, wọn a jẹ́ kí ó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, wọn a sì fà á jáde. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ṣe é fún bàbá mi ní ilé ìwòsàn kan ní ilẹ̀ Faransé, mo sì wà níbẹ̀ ní ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àjàṣẹ́, tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, ni mo ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́, ibẹ̀ náà ni mo sì ti ń kọ èyí, nítorí pé láàárín oṣù méjì ìdílé mẹ́ta ni ó ti wá bá mi, ọ̀kan láti Kétu, ọ̀kan láti Sábẹ̀ẹ́, ìkẹta láti àdúgbò wa níbí, tí wọ́n ń béèrè bóyá ìtọ́jú náà tó ohun tí ènìyàn lè tìtorí rẹ̀ ta ilẹ̀. Èsì tí mo fún wọn ni pé ìtọ́jú náà ṣe ohun tí wọ́n ní yóò ṣe, kò sì ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí wọ́n ní yóò ṣe kí ó tó sanwó kò ní kábàámọ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n lè rò pé wọ́n rẹ́ òun jẹ.

Aránṣọ ni bàbá mi ní Kétu, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò sì jìnnà sí Àkábà Ìdẹ́nà. Ó fa sìgá fún ohun tí ó lé ní ogójì ọdún, ìgbà tí ikọ́ sì ti mú un dáadáa ni ó tó jáwọ́ nínú rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ kọ́kọ́ bá itọ́ rẹ̀ jáde, ilé ìwòsàn tí a kọ́kọ́ gbé e lọ, tí n kò ní dárúkọ, fún un ní oògùn ikọ́ ife fún oṣù mẹ́rin gbáko, bẹ́ẹ̀ ni kò sí àyẹ̀wò itọ́ kankan tí ó fi ikọ́ ife hàn. Oṣù mẹ́rin yẹn ṣì ń dùn mí títí di òní. Ní Kútọnu ni wọ́n ti wá yà á ní sikánà, ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán inú ara, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ti okùn olójú wọ ọ̀nà èémí rẹ̀, àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní fibroscopie, tí wọ́n gé bíńtín lára kókó náà lọ yẹ̀ wò. Jẹjẹrẹ ni, irú èyí tí ó máa ń hù lára awọ tí ó tẹ́ inú ọ̀nà èémí, ó sì wà nínú ẹ̀ka ńlá tí ó lọ sí ẹ̀dọ̀fóró òsì, nítòsí ibi tí ọ̀nà èémí ti pín sí méjì. Ibi tí ó wà yẹn, pẹ̀lú ọjọ́ orí bàbá àti ọkàn rẹ̀ tí kò lágbára mọ́, kò jẹ́ kí iṣẹ́ abẹ ṣeé ṣe. A gba Ìgólò àti Ìdìrókò kọjá sí ilẹ̀ Nàìjíríà, ó sì gba ìtànṣán láti òde ara fún ọjọ́ 10, gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ Gray 30. Gray ni òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ìtànṣán tí ara gbà, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń fi lítà wọn epo. Ara rẹ̀ yá fún ọdún kan ó lé díẹ̀, ó sì padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni kókó náà tún hù níbi tí ó wà tẹ́lẹ̀ gan-an. Ẹ̀jẹ̀ padà dé, èémí rẹ̀ sì kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń sùn ní ìjókòó, tí ó fi orí lé tábìlì ẹ̀rọ ìránṣọ, nítorí pé bí ó bá dùbúlẹ̀, àyà rẹ̀ a máa hó bí ìkòkò tí omi rẹ̀ ń gbẹ lórí iná. Àwọn dókítà sọ pé àwọn kò lè tún tan ìtànṣán láti òde sí i ní ìwọ̀n tí yóò wúlò, nítorí pé kí irú ìtànṣán bẹ́ẹ̀ tó dé ibi kókó náà, ó ní láti gba inú ẹ̀dọ̀fóró tí ó ṣì dára kọjá, ó sì ń kan mùdùnmúdùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn, àwọn ẹ̀yà wọ̀nyí sì ní ìwọ̀n tí wọn kò gbọ́dọ̀ kọjá láyé ènìyàn. Ọ̀kan nínú wọn ni ó dárúkọ curiethérapie. Àbúrò mi tí ó ń gbé ní ilẹ̀ Faransé ni ó wá ilé ìwòsàn tí ó ń ṣe é rí.

Mo fẹ́ kí bí ìtọ́jú náà ṣe ń ṣiṣẹ́ yé ẹni tí ó ń ka èyí dáadáa, nítorí pé inú iṣẹ́ rẹ̀ náà ni àǹfààní rẹ̀ àti ààlà rẹ̀ wà. Orísun ìtànṣán tí wọ́n ń lò jẹ́ mẹ́táàlì tí a ń pè ní iridium-192, èyí tí wọ́n lò fún bàbá sì kéré sí hóró ìrẹsì. Wọ́n jó o mọ́ orí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀ sínú ẹ̀rọ kan tí irin wúwo bò nínú, tí ìtànṣán rẹ̀ kò fi lè jáde. Irú orísun kékeré báyìí máa ń fi ìtànṣán púpọ̀ kan ohun tí ó bá sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kì í rìn jìnnà. Bí ènìyàn bá sún sẹ́yìn títí tí àlàfo náà fi di ìlọ́po méjì, ohun tí yóò máa kàn án yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Nítorí náà, bí wọ́n bá gbé e sí àárín ọ̀nà èémí tí kókó ti dí, kókó tí ó yí i ká yóò gba èyí tí ó pọ̀, nígbà tí ọ̀pá ẹ̀yìn àti ẹ̀dọ̀fóró tí ó jìnnà díẹ̀ kò ní gbà ju táṣẹ́rẹ́ lọ. Ìdí nìyí tí ó fi ṣeé ṣe fún ẹni tí ara rẹ̀ kò lè gba ìtànṣán láti òde mọ́. Ṣùgbọ́n ìdí kan náà ni kò fi lè tọ́jú kókó tí ó ti nípọn kọjá ògiri ọ̀nà èémí, tàbí èyí tí ó ti dé ibòmíràn nínú ara. Ìwọ̀n tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún bàbá ni Gray 7.5 ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n wọ̀n ní ibi tí ó fi sẹ̀ǹtímítà 1 jìnnà sí àárín wáyà náà, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo béèrè bóyá bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ṣe ń gbà á, wọ́n sì ní rárá, ibòmíràn wà tí wọ́n ti ń fún ni ní Gray 10 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ibòmíràn sì wà tí wọ́n ti ń pín in sí mẹ́rin.

Orúkọ tí àwọn Faransé fún un ti inú orúkọ Pierre àti Marie Curie wá, tọkọtaya tí wọ́n ṣàwárí radium ní ọdún 1898. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí àwọn oníṣègùn fi bẹ̀rẹ̀ sí í lo radium fún jẹjẹrẹ, nígbà tí ó sì di ọdún 1922, Sidney Yankauer ní ìlú New York ti kọ̀wé nípa bí òun ṣe gbé e gba inú ọ̀pá irin wọ ọ̀nà èémí aláìsàn. Mo mẹ́nu kan ìtàn yìí nítorí pé àwọn ẹbí wa kan rò pé ohun tuntun tí wọ́n fẹ́ fi ara bàbá dán wò ni. Ohun tí ó jẹ́ tuntun níbẹ̀ ni okùn olójú tí ó ń tẹ̀, èyí tí dókítà Shigeto Ikeda ní ilẹ̀ Jàpáànù gbé jáde ní àwọn ọdún 1960, àti ẹ̀rọ tí ó ń ti orísun wọlé fúnra rẹ̀ láì jẹ́ pé ọwọ́ dókítà tàbí nọ́ọ̀sì kàn án.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, bàbá kò jẹ, kò mu láti òru. Wọ́n ti ní kí ó dá oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì dúró ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú. Wọ́n fọ́n oògùn tí ń pa ara kú sí imú àti ọ̀fun rẹ̀, wọ́n sì gún un ní abẹ́rẹ́ tí ó mú kí ó tòògbé láì sùn fọnfọn. Dókítà ẹ̀dọ̀fóró ti okùn olójú náà gba ihò imú rẹ̀ ọ̀tún, a sì ń rí ohun tí ojú rẹ̀ ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n kékeré kan. Mo rí kókó náà. Ó pupa, ó rí ṣákiṣàki, ó sì ti dí ẹ̀ka òsì náà ku àlàfo tíńtín lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Gba inú ihò tí ó wà nínú okùn yẹn ni dókítà ti ti rọ́bà kan, tí kò nípọn ju bí mìlímítà 2 lọ, kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kókó náà títí tí orí rẹ̀ fi kọjá ìsàlẹ̀ kókó ní sẹ̀ǹtímítà bíi méjì. Ó wá ń fa okùn olójú jáde díẹ̀díẹ̀, ó sì ń ti rọ́bà náà sí iwájú ní ìwọ̀n kan náà, kí ó má baà bá a jáde. Nígbà tí ó parí, rọ́bà nìkan ni ó kù, wọ́n sì fi tépù lẹ̀ ẹ́ mọ́ imú bàbá, wọ́n fi gègé sàmì síbi tí ó ti jáde, kí wọ́n lè mọ̀ bí ó bá yẹ̀. Gbogbo èyí kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ.

Ohun tí ó nira ni ohun tí ó tẹ̀ lé e. Wọ́n gbé e lọ sí sikánà, wọ́n ti wáyà kan tí kò ní ìtànṣán lára, tí ó ní àmì ní sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan, sínú rọ́bà náà, wọ́n sì ya àwòrán. Onímọ̀ físíìsì kan jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó ń ṣírò ibi tí orísun náà yóò ti dúró àti iye ìṣẹ́jú-àáyá tí yóò lò ní ibì kọ̀ọ̀kan. Ìṣirò yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ gba wákàtí méjì, bàbá sì wà lórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú rọ́bà nínú imú, ó ń wúkọ́, wọ́n sì ń sọ fún un pé kí ó má wúkọ́. N kò mọ bí ènìyàn ṣe ń sọ fún ẹni tí kókó wà lọ́nà èémí rẹ̀ pé kí ó má wúkọ́. Ní ìgbà kejì, dókítà fún un ní oògùn tí ń dá ikọ́ dúró kí ó tó bẹ̀rẹ̀, wákàtí méjì náà sì rọrùn púpọ̀. Ìbá ti dára kí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní.

Yàrá tí wọ́n ti ṣe ìtọ́jú náà gan-an ní ilẹ̀kùn tí ó nípọn bí ògiri. Wọ́n so rọ́bà imú bàbá mọ́ ẹ̀rọ náà, gbogbo wa sì jáde, a ń wò ó nínú kámẹ́rà, a sì lè bá a sọ̀rọ̀ gba inú máíkì. Ẹ̀rọ náà kọ́kọ́ rán wáyà òfìfo kan lọ wo ọ̀nà bóyá kò sí ibi tí ó ká kò, ó fà á padà, lẹ́yìn náà ni ó rán èyí tí ó ní orísun lára. Bàbá ti bi mí tẹ́lẹ̀ bí nǹkan náà ṣe ń rìn, mo sì fi kámẹ́rà fóònù ya àwòrán ẹ̀rọ náà fún un, nígbà tí ó wò ó, ó ní, “Mo mọ èyí. Bí a ṣe ń ki okùn sí ìbàdí ṣòkòtò ni.” Òun ni ó túmọ̀ rẹ̀ jù lọ nínú gbogbo àlàyé tí mo gbọ́, mo sì ti lò ó fún gbogbo ẹni tí ó bi mí láti ìgbà náà. Ìṣẹ́jú 9 ó lé díẹ̀ ni orísun náà lò nínú àyà rẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní. Ní ìgbà kẹta ó fi bí ìṣẹ́jú kan lé sí i, ẹ̀rù sì bà mí pé wọ́n ti fi kún ìwọ̀n. Onímọ̀ físíìsì ṣàlàyé pé ìwọ̀n kan náà ni. Ní nǹkan bí ọjọ́ 74, agbára iridium-192 máa ń dín kù sí ìdajì, nítorí náà orísun tí ó fi ọ̀sẹ̀ méjì dàgbà gbọ́dọ̀ pẹ́ díẹ̀ sí i kí ó tó fúnni ní ohun kan náà, ìdí náà sì ni àwọn ilé ìwòsàn fi ń pààrọ̀ rẹ̀ ní oṣù mélòó kan síra.

Kò dùn ún nígbà tí ìtànṣán ń lọ, kò sì gbọ́ nǹkan kan lára. Nígbà tí wọ́n fa rọ́bà náà, ó jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ó dúró fún bíi wákàtí méjì títí tí ọ̀fun rẹ̀ fi jí kí wọ́n tó fún un ní omi, a sì padà sí ilé àbúrò mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ọmọ àbúrò mi kékeré fẹ́ jókòó lé e lẹ́sẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ń dá a dúró. Wọ́n ti sọ fún wa ní ilé ìwòsàn pé kò sí ohun tí ó kù nínú bàbá, nítorí pé orísun náà ti padà sínú ẹ̀rọ rẹ̀, ó sì yàtọ̀ sí ìtọ́jú kan tí wọ́n ń fi ohun onítànṣán sílẹ̀ sínú ara. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé ní Kétu, àwọn tí wọ́n wá kí i nígbà tí a padà dé kò fẹ́ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. “Iná” ni wọ́n ń pe ìtànṣán, wọ́n sì ní wọ́n ti fi iná sun ún nínú. Ó yẹ kí àwa tí a ń kọ èdè yìí ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé ó ń lé ènìyàn sá fún ìtọ́jú, ó sì ń mú kí aláìsàn dá wà ní ìgbà tí kò yẹ kí ó dá wà.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ikọ́ rẹ̀ le sí i, itọ́ rẹ̀ sì ní àwọ̀ dúdú díẹ̀, a sì rò pé a ti ṣìṣe. Lẹ́yìn ìgbà kejì, ẹ̀jẹ̀ dáwọ́ dúró, kò sì padà mọ́ títí tí ó fi kú. Èémí ni ó pẹ́ kí ó tó dára, nítorí pé kókó tí ìtànṣán ti pa kì í wó lójú ẹsẹ̀. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìgbà kẹta kí ó tó lè dùbúlẹ̀ gbalaja. Nígbà tí wọ́n tún ti okùn olójú wọlé ní oṣù kejì, àlàfo tíńtín tí mo ti rí lọ́jọ́ kìn-ín-ní ti ṣí tó bẹ́ẹ̀ tí okùn náà fi kọjá ní ìrọ̀rùn, awọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sì bo ibi tí kókó wà. Dókítà ní egbò ìtànṣán ni awọ náà, pé ó sábà máa ń wà, ó sì lè mú kí ọ̀nà náà fún padà lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Ìgbà yẹn ni a kọ́kọ́ gbọ́ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lè ṣẹlẹ̀.

Èyí sì ni ẹ̀sùn mi tí ó tóbi jù lọ. Ewu ìsun ẹ̀jẹ̀ ńlá, tí ó lè pa ènìyàn, wọ́n sọ ọ́ fún wa ní gbangba kí a tó fọwọ́ sí ìwé, wọ́n sì ṣàlàyé pé ó pọ̀ jù fún ẹni tí kókó rẹ̀ wà ní apá òkè ẹ̀dọ̀fóró, níbi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńláńlá ti wà nítòsí. Mo yìn wọ́n fún èyí. Ṣùgbọ́n egbò, ikọ́ tí kò lọ, àti fífún tí ọ̀nà èémí lè fún, kò sí ẹni tí ó mẹ́nu kàn án. Ẹ̀sùn kejì ni pé wọ́n ń bá èmi sọ̀rọ̀ lórí bàbá bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Bàbá kò gbọ́ Faransé ju ìkíni lọ, wọn kò sì wá ògbufọ̀. Gbogbo ohun tí ó mọ̀ nípa ara rẹ̀, ẹnu ọmọ rẹ̀ ni ó ti gbọ́ ọ, ọ̀rọ̀ kan sì wà tí ọmọ kì í lè sọ fún bàbá rẹ̀. Ìwé iye owó tí wọ́n kọ ránṣẹ́ sí wa, tí wọ́n ń pè ní devis, tí a sì san kí a tó gba físà, kò ní owó fibroscopie àti ti abẹ́rẹ́ ìtòògbé nínú. Ìgbà tí a dé ibẹ̀ ni wọ́n tó fi ìwé méjì mìíràn lé wa lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá ń lọ, kí ó béèrè pé ṣé iye yìí kó gbogbo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìtọ́jú pọ̀, kí wọ́n sì kọ èsì náà sílẹ̀. Ní ti àwọn tí wọ́n dúró ti ẹ̀rọ, n kò rí àléébù kankan. Obìnrin tí ó wà nídìí máíkì ń ka ìṣẹ́jú tí ó kù fún bàbá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ti ní kí n kọ́ òun ní òǹkà Yorùbá láti ọ̀kan dé ẹ̀wá, ó sì ń kà á bẹ́ẹ̀. Bàbá kò gbàgbé obìnrin náà.

Ọ̀kan nínú àwọn ìdílé mẹ́ta tí mo mẹ́nu kàn, n kò rò pé ó yẹ kí wọ́n ná kọ́bọ̀ sórí rẹ̀, mo sì sọ fún wọn bẹ́ẹ̀ kí wọ́n lọ fi ọ̀rọ̀ náà siwájú dókítà wọn. Kókó ti ìyá wọn wà lóde ọ̀nà èémí, ó ń tì í láti ẹ̀gbẹ́ ni. Ìtànṣán tí agbára rẹ̀ kì í rìn jìnnà kò ní dé ibẹ̀. Bákan náà ni ẹni tí ọ̀nà èémí rẹ̀ ti dí pátápátá, tí rọ́bà kò lè kọjá, àti ẹni tí ó ti ní ihò láàárín ọ̀nà èémí àti ọ̀nà oúnjẹ. Ẹni tí ó ń kú lọ fún àìrí èémí lónìí náà kò lè dúró de ohun tí yóò gba ọ̀sẹ̀ kí ó tó ṣiṣẹ́. Irú rẹ̀ ni wọ́n máa ń fi léésà gé kókó fún, tàbí kí wọ́n ki ọ̀pá tí ń jẹ́ stent bọ ibẹ̀ láti là á. Ẹni tí kò tíì gba ìtànṣán láti òde rí, tí ara rẹ̀ sì lè gbà á, èyí ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ lọ gbà, nítorí pé nígbà tí àwọn olùwádìí fi méjèèjì wé ara wọn, ti òde ni ó tu irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ lára jù, tí ìtura rẹ̀ sì pẹ́ jù. Àwọn kan wà, wọn kò pọ̀, tí wọ́n rí kókó wọn nígbà tí ó ṣì fẹ́lẹ́ lórí awọ ọ̀nà èémí, tí kò tíì wọnú ògiri. Fún irú wọn, ìtọ́jú yìí lè wo jẹjẹrẹ náà sàn pátápátá. Ti bàbá kì í ṣe irú ìyẹn. Ti bàbá ni èyí tí ó ti gba ti òde tẹ́lẹ̀, tí ó sì padà hù sínú ọ̀nà èémí, ohun tí a sì lọ rà fún un ni èémí àti oorun.

Ó lo oṣù mẹ́tàlá lẹ́yìn ìgbà kẹta. Ó rán aṣọ fún ọdún Iléyá kan, ó sì ń rìn lọ sí mọ́ṣáláṣí fúnra rẹ̀ títí di oṣù mẹ́ta tí ó kẹ́yìn. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ni jẹjẹrẹ náà wá dé, ibẹ̀ ni ó sì ti pa á, ní ilé rẹ̀, lórí ẹní rẹ̀, ní ìdùbúlẹ̀. Mo ti rí ẹni tí ọ̀nà èémí rẹ̀ dí títí tí ó fi kú, ní yàrá kan náà tí bàbá wà ní Kútọnu, n kò sì ní fẹ́ rí i mọ́ láyé. Bí wọ́n bá dá mi padà sí ọjọ́ tí a ń pinnu, pẹ̀lú gbogbo ohun tí mo mọ̀ báyìí, ẹ̀ka ọ̀nà èémí náà ni n ó tún ní kí wọ́n lọ là, n ó sì tún san owó náà.

Ibi tí a ti kùnà ni ìtọ́jú ẹ̀yìn rẹ̀ nílé. Ó yẹ kí wọ́n tún fi okùn olójú wo ọ̀nà èémí rẹ̀ ní gbogbo oṣù mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀kan péré ni a sì rí i ṣe lẹ́yìn tí a padà dé, nítorí pé dókítà tí a lọ bá nílé ní òun kò ní ìwé tí ó fi ibi tí ìtànṣán náà ti kàn hàn. Àṣìṣe wa ni. A kò mọ̀ pé ó yẹ kí a béèrè fún ìwé ìṣirò náà kí a tó kúrò, ìyẹn àwòrán sikánà tí wọ́n fi ṣètò rẹ̀, ìwọ̀n Gray ti ìgbà kọ̀ọ̀kan, ibi tí wọ́n wọ̀n ọ́n sí, àti gígùn ọ̀nà èémí tí ó gbà á. Nígbà tí a sì béèrè, ó gba oṣù mẹ́rin kí ó tó dé. Ó wà lọ́wọ́ mi báyìí, nínú àwo CD kan àti ojú ìwé mẹ́fà, mo sì ṣetán láti fi í han ìdílé yòówù tí ó bá fẹ́ mọ bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣe rí, kí wọ́n lè béèrè tiwọn ní ọjọ́ tí wọ́n bá ń jáde níbẹ̀.